Ẹni Tó Gé Koríko Sàréè Wa

Ní Kilcorra, abúlé wa, ẹni tó bá ń gé koríko orí sàréè ló ni sàréè. Kò sí ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, kò sí adájọ́ tó dá a bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n níbí. Bí aládùúgbò rẹ bá ń ṣàìsàn, o lè bá a kó koríko ẹran rẹ̀ wọlé kí òjò tó dé. O lè bá a fún wàrà màlúù rẹ̀, kí o bá a wá àgùntàn rẹ̀ tó sọnù lórí òkè. Yóò máa súre fún ọ títí ọdún á fi yí po. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ gé koríko orí òkú rẹ̀ láìsọ fún un, ogun lo lọ gbé wá yẹn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èmi àti Fintan Gannon ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni Dervla, ọmọ kan ṣoṣo tí Packie Hession bí. Ilé ìtajà oògùn tó wà nínú ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ara mi nìkan ló ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Ọkàn mi wà lórí òkè kékeré níbi tí itẹ́ òkú wa wà, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni Fintan ti ń tún ògiri itẹ́ òkú náà mọ. Kì í lo sìmẹ́ǹtì. Òkúta lórí òkúta ni. Á gbé ọ̀kan, á yí i síbi ìmọ́lẹ̀, á wò ó pẹ̀lú sùúrù bí ẹni ń wo ojú olólùfẹ́, á wá gbé e lé ibi tó jẹ́ pé kò sí òkúta mìíràn láyé tó lè bá ibẹ̀ mu. Mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò méjèèjì yẹn, màá sì máa bi ara mi pé kí ló dé tí Ọlọ́run kò dá mi ní òkúta.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Fintan kì í sọ̀rọ̀. Ọdún méjì la ti ń wo ara wa lójú bí ẹni tó ní nǹkan lẹ́nu. Nínú gbogbo ohun tó ti bá mi sọ, ọ̀rọ̀ òjò ló pọ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ Ìbùkún Sàréè ni gbogbo rẹ̀ dà rú. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Fadá máa ń wọ́n omi mímọ́ sórí gbogbo sàréè, ìdílé kọ̀ọ̀kan á sì dúró ti àwọn òkú tirẹ̀. Àwọn tó wà ní Dublin á wálé, àwọn tó wà ní London á wálé, ojú gbogbo wọn á sì wà lára òkúta rẹ. Ẹni tí ẹ̀gún bá bo sàréè ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó yáa jókòó sílé.

Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wa wà lórí òkè pẹ̀lú ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí àti korobá omi. Mattie Joe, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà, ni olórí àwa tó ń tọ́jú itẹ́ òkú. Láti ìgbà tí obìnrin kan ti wá láti ọ́fíìsì ìjọba, tó wá kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ibi àtijọ́, kò sí ohun mìíràn lẹ́nu Mattie Joe bí kò ṣe èèwọ̀. Kò gbọdọ̀ sí oògùn apakoríko. Kò gbọdọ̀ sí búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ìtàkùn tó gun ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, a kò gbọdọ̀ fà á tu, torí òun gan-an ló kù tó di ògiri náà mú. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí a gé, kí a fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Òkúta tó bá sì wà nílẹ̀, ì báà kéré bí ìṣù búrẹ́dì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i nípò, nítorí ẹnì kan tí kò lágbára láti gbẹ́ orúkọ sára òkúta ló fi í sàmì èèyàn rẹ̀.

Àǹtí Attracta, àbúrò bàbá mi, ni èèwọ̀ wọ̀nyí ń bí nínú jù.

“Attracta, kí ló wà nínú ike yẹn?” Mattie Joe bi í.

“Omi ni.”

“Omi wo ló ń rùn bí ilé ìwòsàn?”

“Omi tó mọ́ ni. Mattie Joe, òkúta ìyá mi ti rí bí ìdí ìkòkò. Ṣé bí Fadá á ṣe wá bá a nìyẹn?”

“Àwọn nǹkan eléérú tó hù lára òkúta yẹn, obìnrin ìjọba ní wọ́n ti pẹ́ ju ohun tí a lè rò lọ. Wọ́n dàgbà jù ọ́ lọ.”

“Inú mi dùn láti gbọ́ ọ,” ni Àǹtí Attracta wí, ó sì ń dé ike rẹ̀ padà. “Mo rò pé kò sí nǹkan kan mọ́ ní Kilcorra tó dàgbà jù mí lọ.”

Mo ń gé ìdí ìtàkùn lọ́wọ́ nígbà tí òjìji Fintan bọ́ sórí ọwọ́ mi.

“Ó jọ pé òjò á rọ̀,” ó ní.

“Ó jọ bẹ́ẹ̀.”

“Ó sì lè má rọ̀.”

“Ìyẹn náà lè ṣẹlẹ̀.”

Ó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. “Orúnkún Packie ńkọ́?”

“Wọ́n ti fi tuntun sí i. Ọ̀pá ló fi ń rìn, inú sì ń bí i sí ọ̀pá náà. Kò ní lè gé koríko sàréè wa lọ́dún yìí. Èmi ni màá gé e lọ́la tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.”

Fintan wo ìhà ibi tí sàréè wa wà. Màmá mi wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ó wo ojú mi, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó padà lọ gbé òkúta kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ìjà wà. Sàréè wa àti ti ìdílé Gannon jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láàárín wọn, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kò fẹ̀ ju ibùsùn kékeré lọ, pẹ̀lú òkúta kan tí kò lórúkọ lára. Bàbá bàbá mi sọ pé Hession ló wà níbẹ̀. Ìyá bàbá Fintan sọ pé irọ́ ni, Gannon ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò lójútùú, ìdílé méjèèjì fi í sílẹ̀. Àwa á gé koríko tiwa dé etí rẹ̀ níhìn-ín, àwọn á gé tiwọn dé etí rẹ̀ lọ́hùn-ún, èsìsì àti koríko àárín á sì ga dé ìbàdí èèyàn. Kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn yìí. Kò sì sẹ́ni tó tíì dà á rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èmi àti Àǹtí Attracta gun òkè lọ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí ńlá méjì. Nígbà tí a dé ibi sàréè wa, àǹtí mi dúró bí ẹni tó forí gbá ògiri.

Wọ́n ti gé e. Sàréè wa mọ́ tónítóní, koríko rẹ̀ tẹ́ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Kì í sì ṣe sàréè wa nìkan. Ilẹ̀ àárín pẹ̀lú, èsìsì àti gbogbo rẹ̀, ni wọ́n gé pọ̀ mọ́ tiwa láìsí ààlà. Òkúta aláìlórúkọ yẹn yọrí síta bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí fún.

Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ìdí koríko náà. “Kì í ṣe ẹ̀rọ ló gé èyí. Dòjé gígùn ni.”

Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń lo dòjé gígùn ní gbogbo Kilcorra, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló sì ti jogún rẹ̀.

“Àwọn Gannon ti gba ilẹ̀ wa,” ni Àǹtí Attracta wí.

Nígbà tí a délé, bàbá mi wà lórí àga rẹ̀, ó na orúnkún tuntun rẹ̀ sórí àpótí. Àǹtí mi ròyìn fún un.

“Ṣé ó gé àárín náà?” ni Dádì bi í.

“Ó gé e.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Packie, bí ẹ bá ju owó wẹ́wẹ́ síbẹ̀, ẹ ó rí i.”

Bàbá mi ní kí n po tíì fún òun. Bí Dádì bá ń pariwo, kò sí ewu. Bó bá ti béèrè tíì pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, nǹkan ti bàjẹ́.

“Wọ́n dúró títí wọ́n fi yọ orúnkún mi,” ó ní, “kí wọ́n tó wọlé.”

“Dádì, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni.”

“Koríko ẹran ni wọ́n fi ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Ìyàwó mi ló wà níbẹ̀.” Ó mu tíì. “Lọ́jọ́ Àìkú, níwájú Fadá àti gbogbo èèyàn, màá bi í pé ta ló ni ilẹ̀ tó gé. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ́ mi lọ́rùn, ó parí. Bí kò bá ní ìdáhùn, Gannon kankan kò ní gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè. Ìwọ náà sì gbọ́, Dervla. O rò pé mi ò mọ ohun tó ń mú ọ lọ wo ògiri yẹn.”

“Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, Dádì.”

“Sàréè yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Mo wọ yàrá lọ. Mo sunkún díẹ̀, mo sì wo ara mi nínú dígí bóyá ẹkún yẹ mí. Kò yẹ mí. Imú mi pupa bí tòmátì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wà lẹ́yìn káńtà nígbà tí Philomena Gannon, ìyá Fintan, wọlé wá. Ó so gèlè òjò mọ́ orí bí ẹni ń lọ sójú ogun.

“Ọmọ Packie, fún mi ní oògùn ẹ̀fọ́rí. Ilé yín ló fa ẹ̀fọ́rí náà, ì bá sì dára kí ẹ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.”

“Kí la ṣe, Ìyáàfin Gannon?”

“Kí lẹ ṣe? Mo tọ́ ọmọkùnrin dàgbà, ó wá lọ gé ilẹ̀ ìyá ọkọ mi mọ́ ti Hession. Ó gé e pọ̀ mọ́ tiyín! Etí tiwa wá wà gedegbe lọ́tọ̀ pẹ̀lú ààlà rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá débẹ̀ lọ́la á ní Gannon ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ilẹ̀ fún Packie. Bàbá rẹ̀ á ti máa yí nínú sàréè.”

Mo gbé oògùn náà kalẹ̀. “Dádì mi ní ẹ̀yin lẹ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa.”

“Ta ló gbà á?”

“Ẹ̀yin. Ó ní ẹ dúró títí wọ́n fi yọ orúnkún òun.”

Philomena wò mí. Ẹ̀rín fẹ́ yọ ní ètè rẹ̀, ó lé e padà. “Èmi ní mo pàdánù, òun náà ní òun pàdánù. Ta ló wá jèrè?”

“Kí ni Fintan sọ fún yín?”

“Fintan? Ó ní koríko náà ti ga.”

Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn ilé ìtajà lọ́sàn-án, orí òkè ni mo gbà lọ tààrà. Mo mọ ohun tí Dádì sọ. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀ ọ́n. Fintan ń parí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, apá aṣọ rẹ̀ ká sókè, oòrùn sì ń ṣeré lára irun rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ibòmíràn tó lè lọ.

“Kí ló dé tí o gé e?” mo bi í.

“Ó ti ga.”

“Igi yẹn ga. Òpó ṣọ́ọ̀ṣì ga. Ṣé o gé wọn?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

“Ṣé torí Dádì lo ṣe gé e?”

“Díẹ̀.”

“Torí ta ni ìyókù?”

Ó pupa. Láti ọrùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gun etí rẹ̀ méjèèjì. Ó jókòó sórí ògiri, ó gbé òkúta kan lé itan. “Dervla, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tò. Bí mo bá gbé òkúta síbi tí kò yẹ, mo lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n tún un gbé. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ fún ẹ, níbo ni màá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀?”

Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, mo rántí imú mi, mo gbé e mì.

“Dádì máa bi ọ́ léèrè lọ́la níwájú gbogbo ayé,” mo ní. “Bí o bá sọ fún un pé ó ti ga, ó parí. Kò ní jẹ́ kí o gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé mọ́, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ lórí ọ̀pá méjì kí n máa bá ọ sá kiri. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́. Ṣé wàá wà níbẹ̀?”

“Níbo ni mo tún fẹ́ wà?”

“Màá sọ ọ́ nígbà náà.”

“Sọ ọ́ báyìí.”

“Mi ò tíì mọ ọ̀rọ̀ tó máa wà nísàlẹ̀,” ó ní, ó sì ń wo òkúta tó wà lórí itan rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú dé. Oòrùn ń ràn, òjò wínníwínní sì ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe máa ń rí. Ọkọ̀ kún ojú ọ̀nà títí dé afárá. Lórí òkè, ìdílé kọ̀ọ̀kan ti dúró ti òkú tirẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dára jù, wọ́n ń na ọrùn wo sàréè ẹlòmíràn. Fadá ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń tẹ búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ inú korobá, ó ń wọ́n omi, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwa Hession wà lápá kan: Dádì lórí ọ̀pá méjì, èmi, àti Àǹtí Attracta. Philomena àti Fintan wà lápá kejì, Fintan nínú kóòtù tó ti kéré jù fún èjìká rẹ̀. Ilẹ̀ àárín tẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

“Fintan Gannon,” ni bàbá mi pè é. Kò gbé ohùn sókè. Kò sí ìdí, nítorí gbogbo àdúrà tó wà nítòsí ti dúró. “Ta ló ni ilẹ̀ tí o gé yìí?”

“Dá a lóhùn,” ni Philomena wí. “Èmi náà fẹ́ gbọ́.”

Fintan wo ilẹ̀. Ó wo ojú ọ̀run. Mo sọ nínú ọkàn mi pé bó bá dárúkọ òjò, màá kú síbí, kí wọ́n kàn máa sin mí lọ.

“Ohun tí à ń sọ níbí ni pé ẹni tó gé e ló ni ín,” Fintan ní.

“Mo mọ ohun tí à ń sọ. Ìwọ ni mò ń bi.”

“Èmi ni mo ni ín nígbà náà, Packie. Kì í ṣe Gannon, kì í ṣe Hession. Èmi Fintan.” Ó nawọ́ sí sàréè màmá mi. “Mo gé ti ìyàwó yín torí pé orúnkún ń dùn yín, Dervla sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú àárẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò béèrè. Ṣùgbọ́n àárín yìí, ti ara mi ni mo gé. Mo ti wọ̀n ọ́n. Ó gba ẹni méjì bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Mo fẹ́ bi Dervla bóyá ó máa fẹ́ kí wọ́n sin òun síbẹ̀ pẹ̀lú mi.”

Gbogbo òkè náà yíjú sí mi.

Mattie Joe, tó dúró ti sàréè ìdílé rẹ̀ lẹ́yìn wa, wú ikọ́. “Kò lè gbẹ́ ibẹ̀ o. Obìnrin ìjọba ní wọn ò gbọdọ̀ gbẹ́ ibi tí òkúta aláìlórúkọ bá wà.”

“Mattie Joe,” ni Àǹtí Attracta wí láì bojú wẹ̀yìn, “bí o bá tún sọ ọ̀rọ̀ kan, ìwọ ni a máa kọ́kọ́ sin síbẹ̀.”

“A ò kánjú,” Fintan ní. “Mo kàn fẹ́ kó mọ ibi tí ọkàn mi wà ni.”

Philomena yọ aṣọ ìnujú jáde. Bàbá mi wo Fintan láti orí dé bàtà, bí ẹni ń wo akọ màlúù lọ́jà, ó wá yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ ti rọ̀. “Ìbéèrè tìẹ nìyẹn, Dervla. Kì í ṣe tèmi mọ́.”

Mo ti ro ọjọ́ yìí ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Mo ti rò ó létí òkun, mo ti rò ó lábẹ́ òṣùpá, mo ti rò ó pẹ̀lú òdòdó. Mi ò rò ó rí pẹ̀lú kùkùté èsìsì tó ń ta mí lẹ́sẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ Hession, mo bọ́ sórí ilẹ̀ àárín. Fintan náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ yẹn le, ó sì gbóná.

“Mo gbà,” mo ní. “Ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ pẹ́ láyé ná.”

Ẹ̀rín bẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Philomena, ó ta látaré sí sàréè mìíràn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará London tí wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àárín ẹ̀rín náà ni Fadá dé pẹ̀lú korobá rẹ̀. Ó wo èmi àti Fintan níbi tí kò ti bá ẹnikẹ́ni rí.

“Lọ́dọọdún ni mo máa ń fo ibí yìí,” ó ní, “torí mi ò fẹ́ ìjà. Ta ni mo máa wọ́n omi fún?”

“Wọ́n ọn, Fadá,” ni bàbá mi wí. “Ẹni tó wà nísàlẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wà lókè, a mọ̀ wọ́n.”

Fadá tẹ búrọ́ọ̀ṣì bọ omi dáadáa, ó sì wọ́n ọn sí wa lójú wàà. A jọ gbàdúrà fún ẹni aláìlórúkọ náà, Hession àti Gannon, lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a tó ṣe àmín tán ni Àǹtí Attracta àti Philomena ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ìhà tí màá sùn sí, bóyá ìhà ti àwọn èèyàn mi ni tàbí ti ọkọ. Inú àwọn méjèèjì sì dùn sí ìjà tuntun náà.

Bàbá mi kò dá sí wọn. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tú koríko tí wọ́n gé lórí sàréè màmá mi, ó tẹ̀ ẹ́ wò.

“O gé e kúrú jù,” ó sọ fún Fintan. “Ọdún tó ń bọ̀, ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn oyin.”

“Màá ṣẹ́ ẹ kù,” ni Fintan dáhùn.

Mo gbọ́ ‘ọdún tó ń bọ̀’ yẹn dáadáa. Gbogbo Kilcorra ló gbọ́ ọ. Dádì ti yí ọ̀pá rẹ̀ padà sí ìhà géètì, ó ń pè wá pé kí á máa lọ, tíì ń tutù nílé, kí Fintan sì wá di òun lápá mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.